Láti Ìwó dé Suzhou: Ẹni Tó Gbọ́ Èdè Ló Ń Kó Ẹ̀kọ́ Wálé

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, òbí àti olùkọ́ ní ìlú Ìwó, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun



Ìwó kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ìmọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Kí ilé-ìwé òyìnbó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ nílùú, kéwú ti gbilẹ̀ níbẹ̀. Àwọn àáfà ń lọ, àwọn àáfà ń bọ̀, ọmọ ń kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ nítorí wàláà. Láyé Olúwo Mọmọdu Lamuye, tó wàjà ní 1906, ìdájọ́ Ṣàríà ti wọ ìlú. Ìmọ̀ tó ti òkèèrè wá ti di ohun tí wọ́n fi ń parí ẹjọ́ nílé. Lẹ́yìn náà ni ìjọ Onítẹ̀bọmi gbé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tiwọn wá sí Ìwó, orí ilẹ̀ yẹn náà sì ni Bowen University wà lónìí, tó gba ìwé àṣẹ ìjọba ní 2001.

Ọkùnrin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ yunifásítì náà, Thomas Jefferson Bowen, gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ Yorùbá ní 1850. Àjèjì pátápátá ni, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ìwó yóò ṣe jẹ́ àjèjì lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ ní Ṣáínà. Ó gbé Abẹ́òkúta, ó gbé Ìjàyè, ó gbé Ògbómọ̀ṣọ́. Níbi gbogbo tó dé, ó ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn, ó ń béèrè, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kò lò tó ọdún 7 kó tó padà sí Amẹ́ríkà, síbẹ̀ ní 1858, Smithsonian tẹ ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tó kọ jáde. Bó bá jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń sọ kiri, ì bá ti lọ bó ṣe wá.

Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lé kò ju ìyẹn lọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Yorùbá ló ń gbèrò àtilọ kàwé ní Ṣáínà báyìí. Àwọn tó gbọ́ èdè ibẹ̀ ló ń kó ẹ̀kọ́ wálé. Ìwé-ẹ̀rí nìkan ni àwọn tí kò gbọ́ ọ ń mú bọ̀. Ìlú tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni Suzhou, nítorí ọ̀nà kan ti là láti ilẹ̀ Yorùbá dé ibẹ̀.

Bí ọ̀nà ṣe là

Ọjọ́ 10 oṣù Kejì ọdún 1971 ni Nàìjíríà àti Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ àjọṣe ìjọba sí ìjọba. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ọjà ni àwọn Yorùbá mọ Ṣáínà mọ́: abọ́, tọ́ọ̀ṣì, kẹ̀kẹ́, aṣọ. Ọ̀rọ̀ ìwé kò tíì wọ̀ ọ́ púpọ̀. Àyípadà dé láti ọdún 2000, nígbà tí Ṣáínà àti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà dá ìpàdé àjọṣepọ̀ tí wọ́n ń pè ní FOCAC sílẹ̀. Ní 2009, Yunifásítì Èkó ṣí Confucius Institute, ilé tí wọ́n ti ń kọ́ni ní èdè Ṣáínà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Beijing Institute of Technology. Ní 2010, ìjọba Ṣáínà mú yunifásítì 20 nínú tiwọn, wọ́n so wọ́n pọ̀ mọ́ 20 ní Áfíríkà. Soochow University, tó wà ní Suzhou, ni wọ́n so mọ́ Yunifásítì Èkó.

Ní 2018, ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ Ṣáínà ka akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì 492,185 nílẹ̀ wọn. 81,562 nínú wọn ló ti Áfíríkà wá. Èyí fi hàn pé nínú akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì mẹ́fà, ọmọ Áfíríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan. Lọ́dún yẹn kan náà, ní ìpàdé FOCAC tó wáyé ní Beijing, Ṣáínà ṣèlérí ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ 50,000 fún Áfíríkà.

Kò tilẹ̀ dìgbà tí èèyàn bá dé Ṣáínà kó tó rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ará Ìwó tó bá fẹ́ wọ rélùwéè tuntun lọ sí Èkó, Mọ́níyà n'Ìbàdàn ni yóò ti wọ̀ ọ́. Ilé-iṣẹ́ CCECC ti Ṣáínà ló ṣe ojú irin náà, kìlómítà 157, oṣù Kẹfà 2021 ni wọ́n sì ṣí i. CCECC kan náà ti rán àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ rélùwéè ní Chang'an University ní ìlú Xi'an àti ní Central South University ní Changsha. Ìdí rẹ̀ yé ènìyàn. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá dákẹ́ lójú ọ̀nà, ẹni tó lè ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, tó sì lè bá ẹni tó ṣe é sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ni gbogbo èrò yóò máa wo ojú rẹ̀.

Ìlú olómi

Suzhou wà ní ìpínlẹ̀ Jiangsu, nǹkan bíi kìlómítà 100 sí Shanghai lápá ìwọ̀-oòrùn. Rélùwéè ayára-bí-àṣá kò lò ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ láàárín ìlú méjèèjì. Àwọn òpìtàn ibẹ̀ ní ọdún 514 ṣáájú ìbí Jésù ni Ọba Helü ti ilẹ̀ Wu tẹ ìlú náà dó. Omi yí i ká, omi gba àárín rẹ̀ kọjá. Odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ ń ṣàn gba ẹ̀yìnkùlé àwọn ilé funfun olórùlé dúdú, afárá òkúta kéékèèké ló sì so ìhín mọ́ ọ̀hún. Odò ńlá tí wọ́n gbẹ́ láti Beijing dé Hangzhou, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 1,800, gba ibẹ̀ kọjá. UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá ayé ní 2014. Ṣáájú ìyẹn, ní 1997 àti 2000, wọ́n ti kọ ọgbà mẹ́sàn-án ní Suzhou sínú ìwé kan náà. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn, Zhuozheng, ti wà láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún.

Apá kejì ìlú yàtọ̀ gédégédé. Ní 1994, ìjọba Ṣáínà àti ti Singapore jọ dá àgbègbè ilé-iṣẹ́ ńlá kan sílẹ̀ lẹ́bàá adágún Jinji. Oko àti àbàtà ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lónìí, ilé alájà gogoro, ilé oògùn, ilé ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà àti yunifásítì ló kún ibẹ̀. Ibẹ̀ ni Xi'an Jiaotong-Liverpool University, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006, wà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni.

Soochow University ti pẹ́ ju ìyẹn lọ. Ọdún 1900 ni àwọn míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì láti Amẹ́ríkà dá a sílẹ̀, kó tó di ti ìjọba. Nínú ọgbà rẹ̀ àtijọ́, ilé bíríkì tó ní agogo lókè ṣì dúró, ṣọ́ọ̀ṣì St. John's sì wà nítòsí. Ọmọ tó ti Bowen University lọ yóò mọ irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀: iṣẹ́ ìyìn rere ló bí i, ìwé ló sọ ọ́ di ńlá.

Nínú kíláàsì

Ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ìjọba Ṣáínà, tí China Scholarship Council ń bójú tó, a máa san owó ilé-ìwé, ibùgbé àti ìbójútó ìlera. Lórí ìyẹn, owó oúnjẹ oṣooṣù tún wà: yuan 2,500 fún ẹni tó ń gba oyè àkọ́kọ́, 3,000 fún ti másítà, 3,500 fún ti ọ̀mọ̀wé. Ẹni tó bá fẹ́ gba oyè àkọ́kọ́ lórí ètò yìí ní èdè Ṣáínà sábà máa ń kọ́kọ́ lo ọdún kan gbáko lórí èdè nìkan kó tó wọ ẹ̀ka tó yàn. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ń béèrè ìpele kẹrin nínú ìdánwò èdè Ṣáínà tí wọ́n ń pè ní HSK. Nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2010, ìpele yẹn ń fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ọ̀rọ̀ bíi 1,200.

Ọ̀rọ̀ 1,200 kò ju agbára ọmọ tó ń ka Kùránì lórí lọ. Àǹfààní mìíràn tún wà lọ́wọ́ ọmọ Yorùbá: olóhùn ni èdè Ṣáínà. Ohùn mẹ́rin ni wọ́n ní, mẹ́ta ni tiwa. Etí tí ìyá ti kọ́ láti ọjọ́ ìkómọ láti mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀ kò ní bẹ̀rẹ̀ láti òfo bí etí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Ibi tó le ni àkọsílẹ̀, nítorí wọn kì í to lẹ́tà bíi tiwa. Àmì ni, ojoojúmọ́ sì ni wọ́n ń kọ ọ́ ní àkọtúnkọ, títí ọwọ́ yóò fi mọ ọ́n.

Ọ̀pọ̀ òbí ló ń sọ pé, “Ẹ jẹ́ kó lọ síbi tí wọ́n ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni.” Kò burú, ó sì wúlò fún ẹ̀ka mélòó kan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó ń kọ́ ìṣègùn. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì ka ìwé, ó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìdánwò, ó yege. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rán an lọ sí wọ́ọ̀dù. Ìyá àgbà kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó di ikùn mú, ó ń sọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ló ń sọ. Ó tilẹ̀ lè má jẹ́ èdè Ṣáínà tí wọ́n kọ́ ní kíláàsì, torí àwọn àgbà Suzhou ní ẹ̀ka-èdè tiwọn, tó jẹ́ ti ilẹ̀ Wu. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lè béèrè pé, “Ìyá, ibo ló ń dùn yín? Láti ìgbà wo?” yóò dúró sẹ́yìn, yóò máa wo bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń fọwọ́ kan aláìsàn. Bó bá padà sílé, ìdánwò ìgbìmọ̀ àwọn oníṣègùn, MDCN, ń dúró dè é, wọn yóò sì béèrè ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe.

Lẹ́yìn odi yunifásítì

Ìdajì ẹ̀kọ́ tó wà ní Suzhou kò sí nínú ọgbà ilé-ìwé. Lápá ìwọ̀-oòrùn ìlú, lẹ́bàá adágún Taihu, àdúgbò kan wà tí wọ́n ń pè ní Zhenhu. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ lórí aṣọ sẹ́dà ni wọ́n mọ ibẹ̀ mọ́. Aláwòrán abẹ́rẹ́ á mú fọ́nrán sẹ́dà kan ṣoṣo, á fi èékánná là á sí méjì, á tún la ìdajì sí méjì, títí fọ́nrán kan yóò fi di 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí i mọ́. Èyí tó tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ ló máa fi rán irun ológbò tàbí lẹbẹ ẹja wúràwúrà, tí ẹni tó bá rí i á fi rò pé yóò mí. Àwòrán kan lè gba oṣù púpọ̀.

Yorùbá kì í ṣe àlejò sẹ́dà. Ara ìhun kòkòrò inú igbó ni wọ́n ti ń yọ òwú sányán, tí àwọn ahunṣọ Ìṣẹ́yìn fi lókìkí. Ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ Ìwó fara balẹ̀ wò ni ohun tí Suzhou ṣe sí iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀. Wọ́n kọ́ ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé sí fún sẹ́dà. Wọ́n dá ilé ìwádìí sílẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi ìwé-ẹ̀rí gbà. Àwọn tó ń rán an kò dẹ́kun rírán an; ọjà ló wá bá wọn nílé. Bí wọ́n ṣe ṣe é, ẹni tó bá lè jókòó ti àwọn ìyá Zhenhu, kó sì bá wọn tàkúrọ̀sọ, nìkan ni yóò mọ̀ ọ́n.

Ìlú kéékèèké tó yí Suzhou ká tún ní ohun tiwọn láti kọ́ni. Zhouzhuang àti Tongli jẹ́ ìlú orí omi. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ń gba abẹ́ afárá kọjá, ilé àwọn oníṣòwò àtijọ́ sì ṣì dúró. Kunshan wà láàárín Suzhou àti Shanghai, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń to ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà pọ̀ síbẹ̀. Lọ́jọ́ ìsinmi kan ṣoṣo, akẹ́kọ̀ọ́ lè rí ilé tó ti pẹ́ ju 500 ọdún lọ láàárọ̀, kó sì dé Shanghai lọ́sàn-án.

Ohun tó le

Kò yẹ kí wọ́n fi adùn nìkan han ọmọ. Àwọn ọmọ Áfíríkà tó kọ́kọ́ lọ kàwé ní Beijing ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 sí 1969 jẹ ìyà ìdánìkanwà. Emmanuel Hevi, ọmọ Gáńà, wà lára wọn. Ìwé tó kọ nípa rẹ̀, An African Student in China, jáde ní 1963. Ó ṣàlàyé bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣe kó ẹrù wọn padà sílé láìparí ẹ̀kọ́. Ní oṣù Kejìlá 1988, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín akẹ́kọ̀ọ́ Áfíríkà àti ti Ṣáínà ní Nanjing, tí òun náà wà ní ìpínlẹ̀ Jiangsu, ìwọ́de sì tẹ̀lé e. Ní oṣù Kẹrin 2020, lásìkò kòrónà, wọ́n lé àwọn ọmọ Áfíríkà, tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ nínú wọn, jáde nílé àti òtẹ́ẹ̀lì ní Guangzhou. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti wálé kí ibodè Ṣáínà tó tì dúró fún nǹkan bí ọdún méjì àti ààbọ̀. Oṣù Kẹjọ 2022 ni Ṣáínà tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n wọlé.

Àwọn ohun kéékèèké tún wà. Ọmọdé yóò dúró wo ọmọ Áfíríkà, àgbà yóò gbé fóònù sókè láti yà á láwòrán, ẹlòmíràn yóò fẹ́ fọwọ́ kan irun rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ èdè yóò mọ ìgbà tí wọ́n ń yin òun àti ìgbà tí wọ́n ń bú òun, yóò sì mọ èsì tó tọ́. Òtútù Suzhou nínú oṣù Kìíní a máa sún mọ́ òdo, ó sì máa ń tutù rinrin, nítorí gúúsù odò Huai ni ìlú náà wà, ìjọba kì í sì í fa ìmóoru wọ ilé níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Beijing. WhatsApp, Google àti Facebook kì í ṣí níbẹ̀ lọ́nà tí a mọ̀ ọ́n. WeChat ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, òun àti Alipay ni wọ́n fi ń san owó, títí kan owó ewébẹ̀ lọ́jà. Ìyá tó bá fẹ́ máa gbúròó ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti gbé WeChat sórí fóònù kí ọmọ tó wọkọ̀ òfuurufú, kó sì rántí pé wákàtí méje ni wọ́n fi ṣáájú wa.

Ti oúnjẹ kò le tó bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù. Fún ọmọ Mùsùlùmí láti Ìwó, ilé oúnjẹ Lanzhou, tí àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Ṣáínà ń tà, wà káàkiri. Alásè á na ìyẹ̀fun pípò, á ṣẹ́ ẹ po, á tún un nà, á gbọ̀n ọ́n mọ́ tábìlì, títí yóò fi di okùn tín-ín-rín lọ́wọ́ rẹ̀, kó tó jù ú sínú omi gbígbóná. Àmì hàláàlì wà lẹ́nu ọ̀nà. Mọ́ṣáláṣí Taipingfang náà wà láàárín ìlú Suzhou fún Jímọ̀.

Kí ẹrù tó dì

Físà X1 ni ti ẹni tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ yóò ju 180 ọjọ́ lọ. Ìwé ìgbàwọlé yunifásítì àti fọ́ọ̀mù JW ni wọ́n fi ń gbà á. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dé, ó gbọ́dọ̀ forúkọ ibi tó ń gbé sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá láàárín wákàtí 24, kó sì bẹ̀rẹ̀ ètò ìwé ìgbélùú láàárín 30 ọjọ́. Kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ owó láìgba àṣẹ ilé-ìwé àti ti ọ́fíìsì aṣíwọlé. Ọ̀pọ̀ wàhálà tí ọmọ ń kó sí, àìmọ òfin yìí ló fà á.

Ọ̀rọ̀ ejẹ́ǹtì gba àkíyèsí. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ gba owó kí ọmọ tó rí ìwé ìgbàwọlé, tó sì kọ̀ láti jẹ́ kí òbí bá yunifásítì sọ̀rọ̀, kí òbí kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ti ìṣègùn, ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ Ṣáínà ti tẹ orúkọ àwọn yunifásítì tó láṣẹ láti fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ àjèjì jáde. Kí òbí béèrè bóyá orúkọ ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ní 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà, Tunji Alausa, kéde pé ìjọba àpapọ̀ fòpin sí ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ àdéhùn ìjọba sí ìjọba tí wọ́n ń pè ní BEA, tó jẹ́ ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà gbà dé Ṣáínà tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà kan tó kù ni kí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí yunifásítì tó láṣẹ láti fúnni ní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ Ṣáínà. Ìwé-ẹ̀rí HSK a máa ran ẹni tó bá ní i lọ́wọ́ níbẹ̀.

Iṣẹ́ tó kù fún Ìwó

Ìwó nilé odídẹrẹ́, odídẹrẹ́ kì í sì í kú sóko ìwájẹ. Ọmọ tó bá lọ gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń padà wá ṣe. Ibi tí ìlú ti lè ran ọmọ lọ́wọ́ nìyí, ohun mẹ́ta ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí sì ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Èkínní, kí àwọn yunifásítì àti ilé-ẹ̀kọ́ girama Ìwó wá olùkọ́ èdè Ṣáínà kan, ì báà jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ lẹ́yìn ilé-ìwé. Yunifásítì Èkó ti ń kọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà ní èdè yìí láti 2009, àwọn tó gboyè níbẹ̀ sì wà nílẹ̀ yìí. Èkejì, kí àwọn ọmọ ìlú tó ti dé Ṣáínà, àti ẹni tó kàwé níbẹ̀ àti ẹni tó ń ra ọjà ní Guangzhou, wá máa bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ lójúkojú, kí wọ́n sọ èyí tó dùn àti èyí tó korò. Ẹ̀kẹta, kí ilé-iṣẹ́ àti ọlọ́lá ìlú tó bá fẹ́ ran ọmọ lọ́wọ́ kọ́kọ́ san owó ẹ̀kọ́ èdè kí wọ́n tó san owó ọkọ̀ òfuurufú.

Àkókò wà. Oṣù Kẹsàn-án ni ọ̀pọ̀ yunifásítì Ṣáínà máa ń wọlé, àárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹrin sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba ìwé ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́. Ọmọ tó wà ní SS1 lónìí, tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ́sẹ̀, yóò ti kọjá 1,200 kó tó parí SS3. Kí àwọn olùkọ́ tó wà níbí gba orúkọ àwọn tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ kí tọ́ọ̀mù yìí tó parí.